Ìjókòó Kan Ṣoṣo fún Ọmọ Etí-Omi

Kóòtù tí wọ́n gbé wọ̀ mí lẹ́nu géètì gbọ̀n lára mi nígbà kẹta kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé. Kì í ṣe gbígbọ̀n tó ń dunni. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi ìka ta ènìyàn léjìká pé kó rántí ara rẹ̀. Mo dúró, mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo ọwọ́ mi, mi ò mọ ohun tí mo ṣe.

Ìyáàfin Adéṣẹ̀yẹ, alákòóso ìgbàwọlé ní Kọ́lẹ́jì Òkè Ìmọ́, bojú wẹ̀yìn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ẹ̀kọ́ ni kóòtù ń kọ́ mi. Mo ń yára rìn jù, ó ní, àwọn ọmọ Etí-Omi kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ara wọn máa ń fì díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ó tilẹ̀ fì díẹ̀ fún mi kí n lè rí i. Obìnrin tó rẹwà ni, lọ́fínńdà rẹ̀ dà bí òdòdó tí ìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ̀ sí, kò sì sí ìkà kankan lójú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro fún mi láti sọ fún un pé orí afárá irin ni mo ti kọ́ ìrìn, àti pé ní ìlú wa, ẹni tó bá ń fì lórí afárá, inú omi ló máa bá ara rẹ̀.

Mo fì. Kóòtù dákẹ́.

Ayénírè ni ìlú wa, ó sì ti wà lórí omi láti ìgbà tí òkun ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá ńlá wa. Orímisàn ni wọ́n sọ mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mi ò sì sun oorun tó dáa láti ìgbà tí ìwé ìpè Òkè Ìmọ́ ti dé, nítorí kò sí ọmọ ìlú wa tó tíì jókòó níbẹ̀ rí. Òfin Oníruúrú ló ṣí ọ̀nà náà. Kọ́lẹ́jì kankan kò gbọdọ̀ kún fún irú ènìyàn kan ṣoṣo mọ́. Irú méje ló gbọdọ̀ wà níbẹ̀, kálukú pẹ̀lú iye ìjókòó tirẹ̀, kálukú pẹ̀lú kóòtù tirẹ̀. Ìlà omi aláwọ̀ aró, àmì ọmọ Etí-Omi, ló ń ṣàn yí ọrùn ọwọ́ tèmi ká. Àwọn tí a bá pàdé lójú ọ̀nà, ewé ló wà lọ́wọ́ àwọn kan, ìyẹn ọmọ Oko. Àwọn mìíràn gbé àmì pupa ti ọmọ Ọjà.

Àwọn tí mo ń bẹ̀rù jù lọ ni oníwúrà.

Wọ́n wà lórí pápá tẹníìsì nígbà tí a kọjá, nínú oòrùn tó ń jó orí, síbẹ̀ wọ́n so súwẹ́tà funfun mọ́ ọrùn. Kọ́là wọn nà sókè. Wọ́n ń fi imú sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan nínú wọn kọjá lára mi bí ẹni pé ilẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kí òun. Ọmọ Ọlọ́lá. Nílé, àwa ọ̀dọ́ Ayénírè máa ń sín wọn jẹ títí ikùn á fi máa dùn wá: a ó na ọrùn bí ẹyẹ lékelèké, a ó fi fọ́ọ̀kì jẹ ọsàn. Ìyá mi sọ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀ pé bí mo bá padà wálé tí mo ń fi imú pe òun, òun ó da omi sí mi lára.

Ẹ má rò pé nítorí súwẹ́tà ni mo ṣe wá. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ògiri ìwọ̀ oòrùn ìlú wa ya, òkun kó ilé méjìlá lọ, àti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ya àwòrán ògiri kan tí kì í gan. Bí ìgbì bá dé, á tẹ̀ bí ewéko. Bí ìgbì bá kọjá, á dìde. Mo ti ṣírò rẹ̀ dé ibi tí ìṣirò lè dé. Ohun tó kù ni kí omi gidi gbá a, ibì kan ṣoṣo tó sì ní ọpọ́n tó gùn tó ìyẹn, tí ẹ̀rọ ti ń dá ìgbì òkun, ni Òkè Ìmọ́. Kọ́lẹ́jì kékeré kan wà nítòsí ilé wa tí kì í bi ènìyàn ní irú rẹ̀, inú wọn á sì dùn láti gbà mí. Bàsíà ni wọ́n fi ń ṣe ìgbì níbẹ̀.

Ìjókòó Etí-Omi kò ju ẹyọ kan lọ, ọdún yìí ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Aago mẹ́rin ọ̀sán ni mo gbọdọ̀ tẹ̀ka. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, ó di ti ìlú mìíràn.

Nígbà tí wọ́n mú àwa àlejò wọ gbọ̀ngàn ọpọ́n náà, mo sún mọ́ etí rẹ̀. Ó gùn ju òpópónà ilé wa lọ. Ẹ̀rọ ń mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ìgbì kékeré ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Olùkọ́ fi ògiri kékeré kan síbẹ̀, ìgbì wó o, ó wá bi wá pé kí ló fà á. Ọwọ́ mi ti gòkè kí n tó mọ̀. Mo sọ ìwọ̀n omi náà fún un, mo sọ igun tí ògiri fi kọjú sí i, mo sọ ibi tí agbára náà ti kó jọ. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni kóòtù ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n títí eyín mi fi ń kan ara wọn.

Olùkọ́ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, pẹ̀lú ohùn tútù, pé ṣé mo lè kọ orin tí àwa ará omi fi ń wakọ̀ fún àwọn àlejò.

Mi ò mọ orin kankan. Kí wọ́n tó bí ìyá mi ni ọkọ̀ wa ti ń fi iná mànàmáná rìn; àwọn tó fi àjẹ̀ wakọ̀ gbẹ̀yìn ti di ẹni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló wà lára mi, ìlà aró sì ń tàn lọ́rùn ọwọ́ mi bí ojú ológbò. Mo pa ojú dé. Iṣẹ́ ìyá mi, tó ń tún pọ́ǹpù ṣe, ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn arò ka ẹ̀yà ara pọ́ǹpù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fáàfù o, fáàfù. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti gbó o. Ẹ bá mi wá nọ́ọ̀tì mẹ́jọ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyáàfin Adéṣẹ̀yẹ nu ojú. Kóòtù mi dákẹ́ bí ọmọ tó yó. Ẹnì kan ṣoṣo ló rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ̀rín tó bọ́ lójijì, tí onítọ̀hún sì fi ọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Mo wo ibẹ̀. Ọmọ Ọlọ́lá ni, wúrà ń dán lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúdú, ó jinlẹ̀, ó dà bí ojú ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń dá nìkan rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán, mi ò ní ìgboyà láti wọ ilé ìjẹun wọn. Mo gba ẹ̀yìn lọ, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta, mo tú ẹ̀kọ àti ẹja yíyan tí ìyá mi dì fún mi. Ibẹ̀ ni ọmọ oníwúrà náà ti yọ sí mi. Mo ní, "Ẹ wá jẹun," bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ èsì rẹ̀. Ènìyàn á ní á gba ibi ire, á bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni yìí jókòó. Ó na ọwọ́, ó bu ẹja mi láàárín gan-an, níbi tó sanra jù, ó sì jẹ ẹ́.

Mo wò ó. Ó jẹ èkejì. Kóòtù rẹ̀ ń gbọ̀n títí abọ́ mi fi ń jó lórí òkúta, kò sì dá a lóhùn. Ìgbà tó kan orí ẹja ni mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, mo bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sókè, ojú náà kún fún ìdààmú.

"Ṣebí ẹ pè mí ni?"

"Mo pè yín. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ wá."

Ojú tì í débi pé ó fẹ́ dá egungun padà sínú ewé. Ó tọrọ àforíjì. Oyèkànmí lórúkọ òun, ó ní. Ọmọ ọdún méjìlá ni òun, lọ́dún méje sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n mú òun wá sí ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó wà lábẹ́ kọ́lẹ́jì, inú kóòtù ni òun sì ti dàgbà. Àwọn oníwúrà kì í pe ara wọn wá jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá pe òun, òun máa ń lọ kíákíá kí onítọ̀hún tó yí ọkàn padà. Ó tún wá sọ pé òun kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà nínú gbọ̀ngàn o. Òun gbọ́ fáàfù, òun gbọ́ nọ́ọ̀tì, òun sì mọ̀ pé kò sí ará omi tó ń fi nọ́ọ̀tì wakọ̀.

Mo bi í pé níbo ni ọmọ Ọlọ́lá ti mọ nọ́ọ̀tì pọ́ǹpù.

"Bàbá mi ń sin ìgbín ní Ìrágbìjí," ó wí. "Èmi ni mo máa ń tún pọ́ǹpù tó ń fọ́n omi sí wọn ṣe."

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Àwọn ọlọ́lá gidi ti kó ọmọ wọn lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń yí po lójú òfúrufú láti ìgbà tí òun ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin: irú méje gbọdọ̀ pé. Ìjókòó wúrà ṣófo, kọ́lẹ́jì sì ń wá ọmọ tó ní làákàyè tí wọ́n lè fi dí i. Nínú ọgbọ̀n ọmọ Ọlọ́lá tó wà lórí òkè yìí, méjì péré ni bàbá wọn ní mọ́tò. Ọmọbìnrin tó ń retí kí ilẹ̀ kí òun yẹn, ìyá rẹ̀ ń rán àpò gaàrí. Ó ń sunkún nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ ní tẹníìsì.

Mo gbé ẹ̀kọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a fi ń sín wọn jẹ ní Ayénírè, àṣé àwọn náà ń sín ẹnì kan jẹ ni, ẹni náà kò sì sí níbẹ̀.

Mo sọ fún un pé nítorí ògiri kan ni mo ṣe wá, ó sì ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Mo fi òróró ẹja yà á sórí òkúta. Ó tẹjú mọ́ ọn, kóòtù rẹ̀ ń gbọ̀n, ó na ìka síbi oríkèé rẹ̀, ó ní bóótì irin kò ní pẹ́ níbẹ̀, iyọ̀ á jẹ ẹ́. Kí n fi okùn dì í. Ọdún kan gbáko ni mo ti ń wá ìdáhùn yẹn. Mo gbé ojú sókè, tirẹ̀ wà níbẹ̀, ọkàn mi sì ṣe ohun tí ọkàn kò gbọdọ̀ ṣe ní ọjọ́ tí ènìyàn ń yan ọjọ́ ọ̀la. Mi ò mọ ìgbà tí mo dẹ́kun fífi ọ̀wọ̀ pè é bí ẹ̀gbọ́n.

"Kí ló dé tí o kò fi sí níbi ọpọ́n náà?" mo bi í.

Ó ní oníwúrà kì í fọwọ́ kan amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ògiri inú ọpọ́n. Ìwé òfin ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń jókòó kí wọ́n lè ya àwòrán wọn.

Ó nu ìka rẹ̀ sí ewé. "Bí o bá tẹ̀ka, wàá máa rí ọpọ́n yẹn lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n o ò ní dáhùn ìbéèrè kankan níbẹ̀. Wàá máa kọrin."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni mo dé iwájú tábìlì Ìyáàfin Adéṣẹ̀yẹ. Ojú ìwé kan ń tàn lórí rẹ̀, àyè ìka sì wà nísàlẹ̀, ó mọ́lẹ̀ roro. Ó ní kí n gbé àtàǹpàkò síbẹ̀, pé ó ti parí nìyẹn. Mo gbé ọwọ́. Mo rántí ilé méjìlá. Mo rántí pé lẹ́yìn mi, ọmọ Ayénírè mìíràn á wá, wọ́n á sì gbé kóòtù yìí kan náà wọ̀ ọ́.

Mo tọrọ gáfárà, mo ní mo fẹ́ kọ́kọ́ ka ìwé náà.

Ó ya obìnrin náà lẹ́nu. Ó ní láti ọdún mọ́kànlá tí òun ti wà lórí àga yẹn, kò sí ẹni tó bèèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ìka ni gbogbo wọn máa ń sáré gbé síbẹ̀ kí aago tó lù. Síbẹ̀ ó yí i sọ́dọ̀ mi. Kò gùn. Ọmọ Etí-Omi máa ń rọra rìn. Ó fẹ́ràn orin. Ó mọ ẹja. Kì í fẹ́ràn ìṣirò.

"Ta ló kọ bẹ́ẹ̀, mà?"

Òun náà kò mọ̀. Ó wá a lọ sísàlẹ̀, ó sì ka ohun tó rí síta fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n fa irú Etí-Omi yọ láti inú àwòrán àtijọ́ nítorí kò tíì sí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Gbólóhùn kan sì tẹ̀ lé e: ẹni tó bá jókòó ló ni ìwé.

Ìyẹn ni pé ẹni tó bá gba ìjókòó lè tún ìwé náà kọ.

Ó fi ohùn rẹlẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ bí ìyá. Ó ní gbólóhùn yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí mo bá kọ, ẹ̀rọ òfin ló máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ní ohun tí mo kọ kì í ṣe Etí-Omi, ìjókòó ti lọ nìyẹn, òun ò sì ní agbára láti bá mi gbà á padà. Ó bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ka bó ṣe wà. Fífì díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni rí, ó ní, ọdún mẹ́rin ni.

Kò parọ́. Mo lè fì fún ọdún mẹ́rin. Oyèkànmí ti fi imú sọ̀rọ̀ fún méje. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ọpọ́n ìgbì ṣe, bí ẹnu mi bá gbọdọ̀ dákẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ògiri tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìṣirò rẹ̀, òkun kò ní dúró fún un.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kóòtù ń gbọ̀n, mo fi ọwọ́ òsì di apá rẹ̀ mú. Mo kọ ọ́ pé: Mo wá láti Ayénírè. Mo máa ń yára rìn. Mo fẹ́ràn ìṣirò, mo sì ń kọ́ ògiri. Mi ò mọ orin kankan. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, kí ó kọ tirẹ̀.

Mo tẹ̀ka.

Ojú ìwé náà ṣókùnkùn. Ìyáàfin Adéṣẹ̀yẹ di etí tábìlì mú. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ó lù lẹ́ẹ̀kan, ó lù lẹ́ẹ̀mejì, ara kóòtù mi gbóná bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó lù lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ń ronú ohun tí mo máa sọ fún ìyá mi. Ní ìgbà kẹrin ni ìlà aró náà dẹ́kun ṣíṣàn. Ó parẹ́ lọ́rùn ọwọ́ mi, gbogbo kóòtù sì di aláwọ̀ eérú, bí sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan jáde lórí tábìlì. Etí-Omi: ìjókòó ti ní ẹni.

Obìnrin náà jókòó, ó yọ dìgí ojú rẹ̀. Ó kí mi kú oríire. Nígbà tí mo yíjú pé kí n máa lọ, Oyèkànmí ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́ mà," ó wí, "mo fẹ́ ka ìwé tèmi."

Obìnrin náà rán an létí pé ó ti tẹ̀ka láti ọdún méje sẹ́yìn. Oyèkànmí ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ṣì jókòó. Lẹ́yìn náà Ìyáàfin Adéṣẹ̀yẹ fi ẹsẹ̀ ti àga kan sẹ́yìn fún un.

Mo jáde. Ọkọ̀ ojú irin etíkun máa gbéra láago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì yẹ kí n máa sáré. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Mo gbọ́ nígbà tó fọn, mo gbọ́ nígbà tó lọ, mi ò dìde.

Nígbà tí Oyèkànmí jáde, wúrà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kóòtù rẹ̀ kò di eérú bíi tèmi. Kò ní àwọ̀ kankan. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì fi imú sọ̀rọ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó ní òun ti pa gbogbo ohun tí wọ́n kọ rẹ́, òun sì jókòó síwájú òfìfo náà, òun kò rí nǹkan kan kọ. Ìyáàfin Adéṣẹ̀yẹ ti fún òun ní ààyè di ọjọ́ Ajé.

"Mo rò pé mo fẹ́ràn amọ̀," ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án láti ọmọ ọdún méjìlá. Bí mo bá kọ ọ́, tí kì í wá ṣe òótọ́ ńkọ́?"

Mo dìde, mo gbọn eruku aṣọ mi.

"Ọkọ̀ ojú irin mìíràn ń bọ̀ láago mẹ́fà," mo wí. "Níbo ni amọ̀ wà lórí òkè yìí?"